Ọjọ́ Tí Ẹ̀rọ Bá Tún Fọ́ Òkúta

Bàtà tí Àràmídé wọ̀ lọ́jọ́ náà kì í ṣe bàtà tí ènìyàn ń wọ̀ lọ sórí òkúta. Aláwọ̀ wúrà ni, gìgísẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí ìka ọmọ tuntun, ó sì ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún Àjíǹde fún ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ tí Túbọ̀sún yóò fi orúnkún kanlẹ̀ níwájú rẹ̀. Túbọ̀sún ti sọ lórí fóònù pé ohun pàtàkì kan wà tí òun fẹ́ fi hàn án, pé kó má bi òun ní ìbéèrè kankan, pé tó bá débẹ̀ yóò rí i. Ọmọbìnrin wo ni yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní fọ irun? Àràmídé fọ irun, ó kun èékánná, ó fín lọ́fínńdà sí ẹ̀yìn etí méjèèjì. Nígbà tó fi jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà Túbọ̀sún, ó ti ń dán ohùn tí yóò fi sọ pé bẹ́ẹ̀ ni wò nínú ọkàn rẹ̀, ohùn jẹ́jẹ́ kan tó ní omijé díẹ̀ nínú.

Ọ̀kadà gba ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá. Nígbà tó yà kúrò lórí ọ̀dà, tó wọ ojú ọ̀nà pupa tí koríko ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò tán, Àràmídé sọ fún ara rẹ̀ pé kò lè jẹ́ ibẹ̀. Kò lè jẹ́ ibẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n igi tán, ilẹ̀ là níwájú wọn, ó sì rí omi aláwọ̀ ewé nínú kòtò ńlá yẹn.

Kúárì ni. Kúárì àtijọ́ tí wọ́n ti pa tì láti ọdún méjìlélógún. Ẹ̀ẹ̀kẹfà tí Túbọ̀sún ń mú un wá síbẹ̀ nìyí láàárín oṣù mẹ́jọ.

Ká sọ tòótọ́, nígbà àkọ́kọ́, ibẹ̀ wù ú. Ẹ̀gbẹ́ òkúta tí wọ́n gé lọ sísàlẹ̀ dán bí iṣu tí a fi ọ̀bẹ mímú là. Ọ́fíìsì tí kò ní òrùlé mọ́ ṣì ní kàlẹ́ńdà lára ògiri, akoto òṣìṣẹ́ kan tí ẹyẹ ti kọ́ ilé sínú rẹ̀ sì wà lórí ìṣó. Ní àárín gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rọ ìfọ́kúta dúró sí, ó ga ju ilé lọ, ó ya ẹnu sókè bí ẹranko tó kú síbi tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún omi, igi ọ̀pọ̀tọ́ sì ti hù jáde láti inú ọ̀fun rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, Àràmídé ya fọ́tò. Nígbà kejì, ó fara dà á. Láti ìgbà kẹta ni ó ti sú u.

Túbọ̀sún kò kúnlẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì ló fà lé e lọ́wọ́, ó ní kó bá òun tàn án sínú, ó sì gun àkàbà irin, ó wọ inú ẹnu ẹ̀rọ náà lọ títí ó fi ku ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì níta.

"Ṣé o rí i?" Ohùn rẹ̀ ń jáde bí ohùn ẹni tó wà nínú àmù. "Ó mira."

"Kí ló mira?"

"Kẹ̀kẹ́ irin ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ yẹn. Ó yí ní ìwọ̀n ìka méjì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò mira rárá."

Àràmídé wo kẹ̀kẹ́ náà. Ó wo ìpẹtà tó ti ra èékánná rẹ̀. Ó bi í léèrè, pẹ̀lú ohùn tó tutù ju bó ṣe yẹ lọ, bóyá ohun pàtàkì tó ní òun fẹ́ fi hàn òun nìyẹn, ọkùnrin náà sì dá a lóhùn pẹ̀lú ayọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àràmídé yí padà láti máa lọ. Gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ há sínú ihò òkúta, ó kán. Ó bọ́ bàtà méjèèjì, ó kó wọn lọ́wọ́ bí ẹni kó òkú ẹyẹlé.

"Túbọ̀sún," ó ní, "lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, màá pé ọgbọ̀n ọdún. Bàbá mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ. O ò wá bẹ̀ ẹ́, o ò rán ènìyàn rẹ sí i, ẹ̀rọ tó ti kú lò ń wò lójú. Tó bá jẹ́ pé òun lo fẹ́ràn, fẹ́ ẹ. Màá bá yín jó níbẹ̀."

Ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn dé ojú ọ̀dà. Túbọ̀sún sáré tẹ̀lé e, ó ń pe "Àrà mi, Àrà mi," ṣùgbọ́n ó ti gun ọ̀kadà ẹlòmíì.

Inú ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Èkó ni wọ́n ti pàdé. Ní Ẹ̀bùté Mẹ́tà ni ọ́fíìsì Àràmídé wà, ó ń lọ ní òwúrọ̀, ó ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Abẹ́òkúta tí Èkó ń jẹ okun wọn. Lọ́jọ́ náà, ọkùnrin gíga kan jókòó tì í, ó gbé irin kan sórí itan bí ẹni gbé ọmọ tí ibà ń ṣe. Àràmídé ṣe àṣìṣe, ó bi í léèrè pé kí nìyẹn. Túbọ̀sún sọ fún un. Ó ní òun ni òun ń tún katakátá ṣe ní yunifásítì tó wà ní Alábàtà, pé ara rẹ̀ ni irin yìí wà, ó sì sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ìdí tó fi bàjẹ́, àti irú ènìyàn tó lè bà á jẹ́. Wọn ò tíì kọjá Agége tí oorun fi gbé Àràmídé lọ. Nígbà tó jí, ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Abẹ́òkúta. Ọkùnrin náà ti dákẹ́, báàgì Àràmídé tó yẹ kó ti jábọ́ sílẹ̀ wà lórí itan ọkùnrin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin náà, ó fi ọwọ́ kan di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú. Ìfẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àràmídé ti ka ìwé ìfẹ́ tó pọ̀ tó láti mọ̀ ọ́n nígbà tó bá jókòó ti òun.

Ìgbà tó fi tó bàbá rẹ̀ létí ni nǹkan dàrú. Díákónì Akínrẹ̀mí ni bàbá rẹ̀, ó ń ta sìmẹ́ńtì ní Ọbántokò, òun àti ọmọ rẹ̀ yìí nìkan ló sì jọ ń gbé láti ìgbà tí ìyá Àràmídé ti kú. Ó ń jẹ láfún lọ́wọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan nígbà tó béèrè pé ọmọ ta ni ọ̀dọ́kùnrin náà. Àràmídé ní ọmọ Bàbá Ògúnfọwọ́kàn ni, tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Àsérò. Bàbá gbé òkèlè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú àwo. Ó ṣan ọwọ́.

"Kò ṣeé ṣe, Àbẹ̀kẹ́," ó ní, ó fi oríkì pè é.

Ó bi í léèrè ìdí. Ó ní kó má bi òun. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà sú Àràmídé ni pé bàbá rẹ̀ kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ì bá mọ bí yóò ṣe bá a jà. Ṣe ni ó kàn jókòó, ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó gbàgbé nǹkan sínú ọkọ̀ tó ti lọ.

Àràmídé bá wá alárinà. Àǹtí Rodiat, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tó ti ń jẹ́ Rodiat láti ìgbà tó ti lọ́kọ sílé ìmàle, ni ó bẹ̀ níṣẹ́. Oṣù méje ni Àǹtí fi ń lọ, tó ń bọ̀ láàárín Ọbántokò àti Àsérò. Bó bá dé láti ọ̀dọ̀ Bàbá, yóò sọ pé àwọn jẹ ẹ̀wà. Bó bá dé láti ọ̀dọ̀ àwọn Ògúnfọwọ́kàn, yóò sọ pé ìyá Túbọ̀sún kí Àràmídé, pé ó din ọ̀jọ̀jọ̀, pé ewùrà ọdún yìí dára. Bí Àràmídé bá bi í léèrè kí ni wọ́n wá sọ nípa ọ̀rọ̀ òun, Àǹtí yóò mí kanlẹ̀, yóò ní ọ̀rọ̀ ń lọ, pé ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Àràmídé kò rí igi, kò rí ìgbín. Àǹtí tó ń sanra sí i nìkan ló ń rí.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí bàtà wúrà kán, ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó lọ sílé Àǹtí láti sọ fún un pé kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ti parí. Ó bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó sọ gbogbo rẹ̀: kúárì, tọ́ọ̀ṣì, kẹ̀kẹ́ irin tó yí ní ìwọ̀n ìka méjì. Àǹtí Rodiat gbé atẹ sílẹ̀.

"Ó ti mú kó yí?"

"Àǹtí, kí ló kàn yín nínú irin?"

Àǹtí ní kó jókòó. Ó wá sọ ọ́ fún un bí ẹni ń ka ìtàn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Pé bàbá rẹ̀ àti Ògúnfọwọ́kàn ti jọ ṣiṣẹ́ ní kúárì yẹn fún ọdún mọ́kànlá. Akínrẹ̀mí ló ń fi òkúta bọ́ ẹnu ẹ̀rọ, Ògúnfọwọ́kàn ni mẹkáníìkì tó ń tún un ṣe. Pé ọ̀rẹ́ wọn le débi pé ìyá Túbọ̀sún kì í pe Àràmídé ní orúkọ nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyàwó ọmọ mi ni ó ń pè é, tí yóò sì máa fi ọ̀jọ̀jọ̀ gbígbóná sí i lọ́wọ́. Pé lọ́jọ́ kan, irin kan há ẹ̀rọ lẹ́nu, ẹ̀rọ dákẹ́. Akínrẹ̀mí ní Ògúnfọwọ́kàn ló gbàgbé òòlù sínú rẹ̀. Ògúnfọwọ́kàn ní Akínrẹ̀mí ni kò wo ẹnu ẹ̀rọ kó tó tàn án. Àwọn tó ni kúárì, tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà àtilọ tẹ́lẹ̀, fi ìyẹn ṣe àwáwí, wọ́n ti géètì, wọ́n lé gbogbo òṣìṣẹ́. Níwájú gbogbo wọn, àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí fi ahọ́n kan sípánà kan náà, wọ́n fi Ògún búra: títí ẹ̀rọ yẹn yóò fi tún fọ́ òkúta, ẹnì kan kò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé ẹnì kejì, ẹnì kan kò ní jẹ oúnjẹ ẹnì kejì, ọmọ ẹnì kan kò sì ní fẹ́ ọmọ ẹnì kejì.

Àràmídé ní díákónì ni bàbá òun. Àǹtí ní díákónì ni lóòótọ́, ó sì ti gbàdúrà nípa rẹ̀ títí, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ pé Ọlọ́run a máa dárí jini, irin kì í gbàgbé.

"Ẹ̀yin mọ gbogbo èyí, Àǹtí? Láti oṣù méje?"

"O ò bi mí," Àǹtí Rodiat ní. Ó tún gbé atẹ rẹ̀. "Kò tiẹ̀ ní pẹ́ mọ́ tí oníkálùkù yóò fi sinmi. Ìdílé tó ni ilẹ̀ ti ta ẹ̀rọ náà fún àwọn onírin àlòkù. Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n ń gbé gáàsì wá láti gé e wẹ́wẹ́."

Àràmídé dìde. Tí wọ́n bá gé e, kò ní fọ́ òkúta mọ́ láé. Tí kò bá sì fọ́ òkúta mọ́, ìbúra kò ní tú. Ó kù ọ̀la nìkan.

Ó bá Túbọ̀sún nínú ẹnu ẹ̀rọ náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe mọ̀ pé òun yóò bá a. Ó ti rù. Ó ti gé igi ọ̀pọ̀tọ́ náà kúrò, gbòǹgbò rẹ̀ wà nílẹ̀ káàkiri bí irun lẹ́yìn ìfárí. Nígbà tó rí i, ó sọ̀kalẹ̀, ó dúró, ó ń fi àkísà nu ọwọ́ tí kò lè mọ́.

"Oṣù mẹ́jọ," Àràmídé ní. "O ń tún ẹ̀rọ ṣe nítorí mi fún oṣù mẹ́jọ, o ò sì sọ. O jẹ́ kí n máa di tọ́ọ̀ṣì mú bí òmùgọ̀."

Túbọ̀sún ní bàbá òun ló sọ ọ̀rọ̀ ìbúra náà fún òun nígbà tí Bàbá Àràmídé kọ̀. Ó ní òun ronú pé tí òun bá sọ fún un, tí òun ò sì lè ṣe é, ojú ẹni tó lé ọkọ òun lọ ni yóò máa fi wo bàbá rẹ̀ títí ayé. Òun ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá kan ṣoṣo ló ní.

Àràmídé ti ní èébú lẹ́nu. Ó gbé e mì. Ó burú kí ọkùnrin máa bí ènìyàn nínú, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tún máa wọ ènìyàn lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Túbọ̀sún wá fi ohun kan hàn án. Irin sísanra kan ni, ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́, orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló yọ ọ́ láti ìsàlẹ̀ ẹnu ẹ̀rọ, níbi tí gbòǹgbò ti dì í mọ́. Àràmídé béèrè bóyá òòlù Bàbá Ògúnfọwọ́kàn nìyẹn. Túbọ̀sún mi orí. Ó ní kì í ṣe òòlù ẹnikẹ́ni. Eyín katapílà ni, ọ̀kan lára eyín tó wà lẹ́nu ọkọ́ tí wọ́n fi ń kó òkúta. Ó já sáàárín òkúta, òkúta gbé e wá, kò sì sí bí ẹni tó ń bọ́ ẹ̀rọ tàbí ẹni tó ń tún un ṣe yóò ṣe rí i.

Wọ́n jọ jókòó sórí òkúta, wọ́n ń wo irin náà. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Ọdún méjìlélógún, ọ̀rẹ́ méjì, abọ́ ọ̀jọ̀jọ̀ mélòó, gbogbo rẹ̀ lórí eyín.

"Ó ti wá lè ṣiṣẹ́ báyìí?" Àràmídé béèrè.

Kò tíì lè ṣe é. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, àwọn olè ti gbé e lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Kẹ̀kẹ́ ńlá náà ń yí dé ìdajì, a sì dúró gbagidi. Ó ti fi ọ̀kadà fa á pẹ̀lú okùn, okùn já. Ó ti da ọ́ìlì sí i títí. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé aláìsàn kò ní yè.

Àràmídé béèrè pé ta ló mọ ẹ̀rọ yìí jù láyé. Túbọ̀sún wò ó. Ó ní àwọn méjì tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni. Àràmídé gbọn ìdí aṣọ rẹ̀. Alárinà ti jẹ ẹ̀wà tó. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe é.

Irọ́ kan náà ló pa fún àwọn méjèèjì. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú pé Ògúnfọwọ́kàn ń lọ sí kúárì ní agogo mẹ́rin, pé ó ní ẹ̀rí lọ́wọ́ pé Akínrẹ̀mí ló jẹ̀bi, àti pé ó fẹ́ fi han gbogbo ayé. Ó ti kọ́kọ́ lọ sí Àsérò ṣáájú ìsìn, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá Túbọ̀sún, ó sọ ọ̀rọ̀ yẹn gẹ́lẹ́, ó kàn pààrọ̀ orúkọ. Bàbá méjèèjì ní òun ò ní lọ. Bàbá méjèèjì ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni.

Ní agogo mẹ́ta ààbọ̀, àwọn méjèèjì ti wà níbẹ̀.

Díákónì Akínrẹ̀mí wọ aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ògúnfọwọ́kàn gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ dání, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Mosúnmọ́lá tó bí Túbọ̀sún, sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ kan tó fi aṣọ dì, nítorí obìnrin náà kì í lọ síbi kankan lọ́wọ́ òfo. Àwọn bàbá dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ márùn-ún sí ara wọn, kálukú ń wo omi.

"Àbẹ̀kẹ́," Bàbá rẹ̀ ní, "sọ fún ọkùnrin yẹn pé kó mú ẹ̀rí rẹ̀ wá."

Àràmídé sọ fún un. Ògúnfọwọ́kàn ní kó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ni òun ń dúró de ẹ̀rí tiẹ̀. Àràmídé sọ fún un. Bàbá rẹ̀ ní kó sọ fún un pé òòlù kì í rìn wọ ẹnu ẹ̀rọ. Àràmídé ti la ẹnu láti sọ ọ́ kó tó rí ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹlòmíì: obìnrin tó fẹ́ pé ọgbọ̀n ọdún, tó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri láàárín arúgbó méjì tí etí wọn kò di. Nǹkan kan já nínú rẹ̀. Ó gba eyín katapílà náà lọ́wọ́ Túbọ̀sún, ó jù ú sílẹ̀ láàárín wọn. Ó ró lórí òkúta.

"Ohun tó há a lẹ́nu nìyẹn. Ẹ wò ó fúnra yín. Mi ò ṣe alárinà mọ́."

Ògúnfọwọ́kàn ló kọ́kọ́ lóṣòó tì í. Ó yí irin náà padà. Ó yí i padà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá Àràmídé súnmọ́ ọn, òun náà lóṣòó, agbádá funfun ń wọ́lẹ̀ nínú ọ́ìlì. Ẹyẹ inú akoto ń ké.

"Katapílà," Ògúnfọwọ́kàn ní.

"Fágbénlé ló ń wà á," Akínrẹ̀mí ní.

"Mo sọ fún Fágbénlé pé eyín kan ń mì lẹ́nu ọkọ́ rẹ̀."

"Èmi náà sọ fún un. Ó ní kí n lọ bọ́ ẹ̀rọ mi."

"Aláìgbọràn ni Fágbénlé."

"Láti kékeré."

Fágbénlé ti kú láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, kò lè dá wọn lóhùn, ìyẹn ló mú kó rọrùn. Kò sí ẹni tó tọrọ àforíjì. Wọ́n kàn jọ bú Fágbénlé títí ẹsẹ̀ márùn-ún tó wà láàárín wọn fi di ìdajì ẹsẹ̀, Àràmídé sì dúró síbẹ̀, kò mọ̀ bóyá kó rẹ́rìn-ín tàbí kó sọ òkúta lù wọ́n.

Ìbúra ṣì wà níbẹ̀ ṣá. Túbọ̀sún lọ sídìí kẹ̀kẹ́ irin náà, ó kọ́ èjìká tì í, ó tì í síwájú. Ó yí dé ìdajì, ó dúró.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀," àwọn bàbá méjèèjì sọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọ́n wo ara wọn. Bàbá Àràmídé ní ó ní láti kọ́kọ́ dá a padà sẹ́yìn, kó máa mì í bí ẹni ń rẹ ọmọ, títí yóò fi ní agbára tirẹ̀. Ògúnfọwọ́kàn ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ti ń ṣe é nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣe agídí. Ó ti ká apá aṣọ rẹ̀. Díákónì bọ́ agbádá, ó gbé e fún Ìyá Mosúnmọ́lá láìwo ojú rẹ̀. Kó tó di pé ó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́, ó rìn lọ síbi òkúta, ó ṣa ọ̀kan tó tó ìkúùkù, ó kàn án mọ́ èkejì, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sọ ọ́ nù. Ó ṣa òmíràn, ó kàn án, ó gbà á. Ó gun àkàbà, ó sọ ọ́ sínú ẹnu ẹ̀rọ bó ṣe ń ṣe é fún ọdún mọ́kànlá.

Àwọn mẹ́rin ló di kẹ̀kẹ́ náà mú, bàbá méjì, Túbọ̀sún, àti Àràmídé tó ti fi ìró rẹ̀ gba ọ̀já. Wọ́n dá a sẹ́yìn, wọ́n tì í síwájú. Sẹ́yìn, síwájú. Ògúnfọwọ́kàn ń kà á, Akínrẹ̀mí ń dáhùn. Irin ké bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tó dùn. Lẹ́yìn náà ló kọjá ìdajì, ó kọjá orí òkè, ìwúwo rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹnu ẹ̀rọ pa dé.

Òkúta náà fọ́. Ohùn rẹ̀ lọ lu ògiri kòtò, ó padà wá. Nǹkan wẹ́wẹ́ dà sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, kò ju ohun tí abọ́ kan lè gbà lọ, eruku funfun dìde lórí rẹ̀.

Ògúnfọwọ́kàn ṣí àpótí rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti fa sípánà kan jáde, àkísà pupa ni ó fi wé e. Kò sí ẹni tó ní láti sọ sípánà tó jẹ́. Ó fi ahọ́n kàn án, ó ní, "Ó ti fọ́." Ó nà án sí Akínrẹ̀mí. Díákónì wo ojú ọ̀run díẹ̀, bí ẹni tọrọ àyè, ó sì fi ahọ́n kàn án.

"Ó ti fọ́."

Wọ́n da omi sí sípánà náà, ìbúra tú. Ìyá Mosúnmọ́lá tú aṣọ orí abọ́ rẹ̀. Ọ̀jọ̀jọ̀ ni, ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Ó gbé e síwájú Bàbá Àràmídé lákọ̀ọ́kọ́, bàbá náà sì mú ọ̀kan. Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́. Gbogbo wọn ń wò ó.

"Iyọ̀ rẹ̀ ti dín," ó ní.

"Ọdún méjìlélógún ló ti ń dúró dè yín," Ìyá Mosúnmọ́lá ní. "Ẹ̀yin lẹ pẹ́." Ó wá yí sí Àràmídé, ó fi méjì sí i lọ́wọ́, ó ní, "Gbà, ìyàwó ọmọ mi." Àràmídé bù ú jẹ, ahọ́n rẹ̀ sì rántí ohun tí orí rẹ̀ ti gbàgbé: ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù kan, ọmọkùnrin kan tó ń tú rédíò, ọwọ́ obìnrin tó gbóná.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn onírin àlòkù yóò gbé gáàsì wọn wá. Kí wọ́n máa gé e. Ó ti ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe.

Túbọ̀sún ti wà lábẹ́ ẹ̀rọ, ó ń ṣa òkúta tó fọ́ náà. Ó sáré bọ̀, ojú rẹ̀ ń tàn. Àràmídé fi ọwọ́ tún irun rẹ̀ ṣe. Ọkùnrin náà na àtẹ́lẹwọ́ sí i.

"Àrà mi, wo inú rẹ̀. Wo bó ṣe ń dán. Kò sí ẹni tó rí inú òkúta yìí rí kó tó di òní."

Àràmídé dúró dè é. Túbọ̀sún ń wo òkúta. Lẹ́yìn wọn, bàbá méjì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú Fágbénlé.

"Túbọ̀sún," ó ní. "Orúnkún."

Ó wo orúnkún rẹ̀, ó rò pé ó fara pa ni. Ó gbọn eruku rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó rí bí Àràmídé ṣe ń wo òun, ọ̀rọ̀ náà sì wá yé e díẹ̀díẹ̀, bí kẹ̀kẹ́ irin tó ń kọjá ìdajì. Ó kúnlẹ̀ síbi tó wà, lórí òkúta wẹ́wẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, mímú rẹ̀ sì mú kó sún ojú kì. Ó bi í ní ohun tó yẹ kó ti bi í láti oṣù mẹ́jọ.

Àràmídé wò ó. Ó mú ọ̀jọ̀jọ̀ kejì, ó jẹ ẹ́, kò kánjú, ó tún lá ìka. Oṣù mẹ́jọ kì í ṣe ọ̀sán kan, jẹ́ kí òkúta náà gún un díẹ̀. Nígbà tó wá dáhùn, kì í ṣe ohùn jẹ́jẹ́ tó ní omijé nínú tó ti ń dán wò ni ó jáde. Ẹnu tó kún ni ó fi sọ ọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Dìde, kí o lọ ra bàtà mi."